Omi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yẹ̀ Wò

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bí ilẹ̀ ibí tilẹ̀ tutù wọ eegun. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn ti ń gbọ́ràn? Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa kùn pé ó di oṣù mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn. Ẹ̀bi mi ni, ẹ dákun. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni màá kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ṣì wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo sọ fún yín. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń nu ilẹ̀, mò ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ti kún un báyìí, orí yín ni mo sì fẹ́ da ẹjọ́ rẹ̀ lé.

Wọ́n gbé àpótí gíláàsì kan wá sí pálọ̀ àwọn arúgbó, ó gùn tó ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Omi iyọ̀ ni wọ́n rọ sí i, bíi ti òkun gan-an. Wọ́n kó iyanrìn sí i, wọ́n kó òkúta sí i, ẹja, ìgbín kéékèèké, àti iyùn. Bàbá, iyùn o! Iyùn tí a ń sín sọ́rùn yìí, ohun ẹlẹ́mìí ni. Ó ń la ẹnu, ó ń jẹun, ó ń pa ẹnu dé. Èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí kò mọ̀.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago mẹ́wàá tó lù, wá béèrè pé ta ló lè máa yẹ omi náà wò lójoojúmọ́. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Ni ẹnu mi bá ṣáájú mi, mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi yẹ omi ìlú wò ní ilé iṣẹ́ omi. Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti kó ìgò wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé ńlá tí mo ní láti máa kọ nọ́ńbà sí. Mo ń bu omi sínú ìgò, mo ń kán oògùn sí i, mo ń mì ín, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo ń fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti orí páálí. Èyí ni wọ́n fi ń mọ iye amóníà, májèlé tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹja, àti ti náítíréètì, ohun tí amóníà ń dà bó bá pẹ́. Iyọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀, márùndínlógójì ló gbọ́dọ̀ máa sọ.

Omi náà a sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Omi tí wọ́n sẹ́ títí tí kò fi sí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́ ni mo gbọ́dọ̀ fi dí i. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ni mo sì ń gùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì. Àǹtí Aláṣọ, ìyá tó ń fọ aṣọ níbí, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí n kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Apọnmi-fẹ́ja, ṣé ó ti mu yó?"

Ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà amóníà jẹ́ kan lónìí, náítíréètì kò tíì sí. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọbìnrin yín,
Apọnmi-fẹ́ja


Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kejì

Ìyá mi,

Oṣù mẹ́ta! Ìyàwó tí wọ́n gbé lọ́jọ́ tí o kọ ìwé ìṣáájú ti ń bì báyìí. Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ka oṣù náà. Orúnkún mi kò gbọ́ràn, èmi náà kì í sì í gbọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ la jọ ń bá a yí.

Ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ! Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń yẹ omi rẹ̀ wò, wọ́n tún ń gbé àga síwájú rẹ̀ láti máa wò ó. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo tún ìwé rẹ kà, ara mi sì yá gágá. Ìwọ, tí o máa ń sùn lórí bẹ́ńṣì mi ní ilé iṣẹ́ omi nígbà tí o bá ti iléèwé dé, ìwọ lo wá di ayẹmiwò!

Gbọ́ o. Omi tí o fẹ́ yẹ̀ wò ni kí o fi ṣan ìgò, ìgbà mẹ́ta, kí o tó bu ti àyẹ̀wò. Gbé ìgò náà sí iwájú bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé, má ṣe é lábẹ́ iná; iná a máa purọ́ àwọ̀. Má sì wo nọ́ńbà àná kí o tó kọ ti òní. Ojú tó ti rí ti àná ti mọ ohun tó ń wá.

Amóníà kò burú. Àwa náà, bí a bá pààrọ̀ iyanrìn tí a fi ń sẹ́ omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń jẹ́ kó gbó kí ẹnikẹ́ni tó mu níbẹ̀. Ohun yíyọ̀ tó máa ń hù sórí iyanrìn yẹn, tí àlejò ń yínmú sí, òun gan-an ló ń fọ omi. Ṣe sùúrù. Omi tuntun kò mọ ara rẹ̀ rí.

Máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi nínú gbogbo ìwé rẹ. Mo ti ra ìwé ìkọ̀wé, mo ti fa ìlà sí i. Jọ̀ọ́, má rò pé orí ń dà mí rú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi ń lọ̀ mí mọ́ ju pé kí n wá jẹun.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ wí, ti bébà funfun àti ti fèrèsé. Ọ̀gá rí mi, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí ìwé yìí fi pẹ́ ni pé ọ̀tútù mú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀, n kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Àǹtí Aláṣọ ló ń gbé omi gbígbóná wá fún mi láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó tún ń yà wò mí bó bá ń bọ̀. Ara ti yá báyìí, ẹ̀yìn nìkan ló ṣì ń ro mí. Kẹ́ẹ̀gì méjì lórí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kì í ṣe eré.

Àpótí wa ti hùwà àgbàyanu. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹ̀fun kan tó pupa rúsúrúsú bo iyanrìn. Kí ìyẹn tó lọ tán, ewédò dé, ohun tútù tó máa ń yọ̀ lára ògiri kànga yẹn. Ó ń hù bí irun lórí òkúta. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá yẹ omi wò, ó mọ́. Náítíréètì tó yẹ kó máa bọ́ ewédò, díẹ̀ báyìí ni. Bàbá àgbàlagbà kan tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, Bàbá Atúkọ̀ la ń pè é, ń jókòó síwájú àpótí náà láti àárọ̀. Ó ti fún ẹja pupa kékeré kan lórúkọ, ó ní Ìyàwó lòun ń pè é. Lánàá ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó mi ń gbé inú igbó."

Nọ́ńbà náítíréètì ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé. Ajé mẹ́wàá, Ìṣẹ́gun márùn-ún, Ọjọ́rú márùn-ún, Ọjọ́bọ̀ márùn-ún, Ẹtì mẹ́wàá. Iyọ̀ márùndínlógójì ní gbogbo ọjọ́. Ti àwọn ọ̀sẹ̀ ìṣáájú wà lẹ́yìn ìwé.

Ọmọbìnrin yín


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

O kú ewu ọ̀tútù. Bá mi kí Àǹtí Aláṣọ yẹn dáadáa. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní ẹni tó gbé omi gbígbóná fún ọmọ ẹni nílẹ̀ àjèjì, ẹbí ni.

Mo mú ìwé rẹ lọ sí ìpàdé àwa tí a ti fẹ̀yìn tì. Mo kà á sókè. Àwọn tó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín pé ẹja kí, ẹja kò, ọ̀rọ̀ ewédò ló mú wọn fà síwájú lórí àga. Alága wa ní kí n sọ fún ọ pé ọmọ ẹkùn kò ní ṣàì jọ ẹkùn. Mo díbọ́n pé n kò gbọ́ kó lè tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ewédò ń jẹ náítíréètì kí ìgò rẹ tó débẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́nu rẹ̀ ni o ń wọ̀n. Nítorí náà, bí ewédò bá ń sanra tí nọ́ńbà rẹ sì kéré, má dúpẹ́. Oúnjẹ ń wọlé láti ibì kan. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù. Kí o sì ṣọ́ omi tí ẹ fi ń dí i. O ní sísẹ́ ni, ó dáa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi ẹ̀rọ sí i láé, pàápàá bó bá jẹ́ páìpù bàbà ló wà nínú ilé yẹn. Bàbà tó máa ń jẹrà sínú omi kò ní ṣe arúgbó yín ní nǹkankan, ṣùgbọ́n ìgbín àti iyùn kò lè gbà á. Ìwọ̀nba kín-ún ti tó láti pa wọ́n.

Nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń retí. Má pẹ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ fojú fo ìkọ̀wé mi, mo ń kánjú.

Wọ́n ti kú tán. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti orí wá sí ìdí. Àwọn ìgbín tó ń jẹ ewédò já bọ́ lára gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nǹkan kú púpọ̀ nínú omi, ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Ìyàwó ló kú kẹ́yìn. Omi náà mọ́ gaara lójú, ewédò nìkan ló kù níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Bàbá Atúkọ̀ yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Ọ̀gá yẹ ìwé àyẹ̀wò wò, kò rí àléébù. Ni wọ́n bá ní nǹkan ló wọ omi láti ìta. Wọ́n bi gbogbo wa léèrè ọ̀rọ̀, Àǹtí Aláṣọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ankaṣíìfù ìyá kan já sínú àpótí, òun sì ti ọwọ́ bọ omi láti yọ ọ́. Ó ní òun ti fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lọ́wọ́ òun kí òun tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó yẹ kó dá mi lójú."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ìgbìmọ̀ ilé yìí yóò pàdé níparí oṣù kẹfà láti mọ̀ bóyá wọn yóò dá a dúró pátápátá. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fọ aṣọ níbí. Ẹ bá wa gbàdúrà.

Nọ́ńbà tí ẹ béèrè wà lẹ́yìn ìwé.

Ọmọbìnrin yín


Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Mo bá yín kẹ́dùn. N kò ní fi ẹja ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí.

Mo to gbogbo nọ́ńbà rẹ sílẹ̀ láti oṣù kejì. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀, ó ń ṣe bí omi ṣe ń ṣe. Láti òpin oṣù kẹta, ó jókòó. Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́wàá. Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́wàá. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá padà sí ìwé rẹ ti oṣù kẹta. O ní o kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀. Nọ́ńbà ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé kan náà.

Ta ló yẹ omi wò ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn?

Dá mi lóhùn. N kò bínú. Rárá o, irọ́ ni, inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo ti ń retí ìwé rẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá. Alápò lẹ́tà ti mọ̀ mí débi pé bó bá rí mi lókèèrè, á ti máa mi orí. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí. Èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

O kò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ nọ́ńbà tí ọwọ́ ènìyàn hùmọ̀. Màá sọ fún ọ bí o kò tilẹ̀ bi mí, nítorí òpin oṣù kẹfà ti sún mọ́lé, obìnrin kan sì wà tó jókòó sílé rẹ̀.

Ṣé o rántí Bọ̀ọ̀dá Adúmáadán, ẹni tó ń po oògùn apakòkòrò sínú omi ní ilé iṣẹ́ wa? Òun ló máa ń gbé ọ gun èjìká. Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, lákòókò òjò, èmi ló yẹ kí n máa lọ bu omi ní ẹ̀rọ tó jìnnà jù ní òpin ìlú, kí n mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ti wọ inú páìpù lọ́nà. Òjò ń pa mí, ẹrẹ̀ ń gbé mi ní bàtà. Lọ́jọ́ kan mo ní òní nìkan ni. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo wo nọ́ńbà àná, mo kọ èyí tó jọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọjọ́ kejì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Páìpù kan ti bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdọ̀tí ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n wọ́n kún ọsibítù. Nígbà tí ìwádìí dé, ìwé mi mọ́ tónítóní. Bí ìwé bá ní páìpù kò ní àléébù, ẹni tó po oògùn ló ní in. Wọ́n lé Adúmáadán. Mo wà nínú yàrá náà. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà rí i pé mo ń wọ̀n ọ́n dáadáa." Mo ní mo rí i. Mo rò pé mo ti gbèjà rẹ̀ nìyẹn.

Kò rí iṣẹ́ gidi ṣe mọ́. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, mo sọ ọ́, ó dùn, àwọn ènìyàn sunkún. Ọmọ mi, mo ń fẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde láti ìgbà náà. Ìyá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ títí ó fi lọ. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogún, kò sì tíì bá a, nítorí mo ń sáré. N kò fẹ́ kí o kọ́ eré sísá yìí lọ́wọ́ mi. Obìnrin tìrẹ ṣì wà láàyè. Dìde.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo ka ìwé yín lórí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilẹ̀, mo jókòó níbẹ̀ títí wọ́n fi ń wá mi. N kò mọ ohun tí màá sọ nípa Bọ̀ọ̀dá Adúmáadán. Mo rántí èjìká rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná.

Kò sẹ́ni tó yẹ omi wò ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo rí àyè mẹ́ta tó ṣófo nínú ìwé, ojú tì mí, mo kún un. Ó rọrùn, Bàbá. Ó rọrùn gan-an, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń hùmọ̀ nọ́ńbà lọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo wo àtẹ̀gùn, mo wo ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tó wà nítòsí, mo ní òní nìkan ni. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi bu omi ẹ̀rọ sí i. Mo ń kọ "omi sísẹ́" sínú ìwé.

Èyí tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi nìyí. Nígbà tí ìwé yín dé, tí ẹ ní kí n ṣọ́ra fún bàbà, mo ju ìwé sílẹ̀. Mo sáré wo abẹ́ síǹkì. Bàbà ni. Iyùn kò tíì funfun nígbà náà. Mo padà sí kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sì pa ẹnu mọ́. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, wọn ìbá pààrọ̀ omi, bóyá à bá rí díẹ̀ gbà là. Mo yàn kí wọ́n kú ju kí n sọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo tún jókòó, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bi Àǹtí Aláṣọ léèrè ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ pàdé, mo kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbé ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀, mo ní láti ojú ewé yìí dé ojú ewé yìí, irọ́ ni. Ọ̀gá wò mí. Ó ní, "Èmi tí mo ń fi ìwé rẹ hàn fún àwọn tó kù pé báyìí ni kí wọ́n máa ṣiṣẹ́." Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Wọ́n dá iṣẹ́ padà fún Àǹtí Aláṣọ, wọ́n ní ìwé yóò dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gba tèmi. Mo ń lo oṣù yìí parí ni. Mo sọ fún Bàbá Atúkọ̀ náà. Ó ní kí n bá òun yí àga òun, òun ń fẹ́ wo fèrèsé.

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n mo ní kí n lọ bá Àǹtí Aláṣọ nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó má lọ jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ pé èmi ni. Yàrá kan ló ń gbé. Mo bá báàfù omi méjì lórí tábìlì àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ní òun ń dán an wò ni. Láti oṣù tó kọjá, òun á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, òun á ṣan án bí òun ṣe máa ń ṣan án, òun á wá ti í bọ omi mìíràn, òun á máa wò ó bóyá yóò hó. Ó ní ó máa ń hó nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kì í hó. Ó ti gbà pé òun ló pa wọ́n.

Mo sọ ọ́. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kán omi sílẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́?" Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́, mà." Ó tún ní, "Èmi kọ́." Ó jókòó. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó ní, "Máa lọ. Màá bú ọ lọ́jọ́ kan, màá bú ọ dáadáa. Lónìí n kò ráyè." Mo lọ.

Ojú ń tì mí láti sọ pé mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mo ń tọrọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin yín


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé ní ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé o ṣe dáadáa. Mo mú bírò, mo ní kí ni èmi jẹ́ tí màá fi máa yin ẹnikẹ́ni lórí irú èyí? Mo gbé bírò sílẹ̀, mo wọ bàtà.

Ìyàwó Adúmáadán ṣì wà nílé tí wọ́n ń gbé. Ó gbé àga fún mi, ó ń yọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọkọ òun rántí òun. Ìyẹn gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà. Mo sọ ọ́ fún un tààrà, ti òjò, ti ọ́fíìsì, ti nọ́ńbà. Mo rò pé yóò lù mí. Mo rò pé yóò ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Ǹ bá gba èyíkéyìí.

Ohun tó sọ ni pé, "Ó máa ń jí, á gbé òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn oògùn níbi iṣẹ́, á máa fi wọn iyanrìn. Á ní, 'Ìyá ọmọ mi, wò ó, ṣé o rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n?' Màá ní kò gbọ̀n. Á ní, 'Ó ní láti máa gbọ̀n, nítorí ènìyàn kún ọsibítù.' Títí ó fi kú ló fi ń wọ̀n ọ́n."

Ọmọ mi, mo ti ń rò ó láti ọdún mẹ́tàlélógún pé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbà.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó wọlé, ó mú bébà jáde. Ó ní kí n kọ ohun tí mo sọ síbẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, kí n kọ ọjọ́ òní sí i. Mo kọ ọ́. Mo rò pé yóò gba ọ̀pọ̀ bébà. Kò kún ojú ewé kan. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ajórin tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú èéfín lára, ó kí mi, ó ní ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìyá rẹ̀ ní, "Jókòó. Bàbá fẹ́ ka nǹkan fún ọ."

Mo kà á. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí mo parí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

Bàbá rẹ